Ọba Méjì fún Sheffield

Lókè ṣọ́ọ̀bù alágogo tó ti kógbá wọlé,
ní àdúgbò tó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè látòkè délẹ̀,
àwa mẹ́rin jókòó ti tábìlì kan tó ń mì.
Gethin ká tíkẹ́ẹ̀tì tíráàmù sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.
Ó ṣì ń mì.

Mo gbé òkú amùjẹ̀ mi kalẹ̀:
obìnrin onírun funfun, èékánná bí abẹ fárífárí,
ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ ni Ọba Sheffield.
Hilary rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé,
kì í kánjú.
Ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀: ọkùnrin olójú kan,
Ọba Sheffield lòun náà.

Òfin eré náà kò gùn.
Oyè tí ẹni méjì bá dì mú, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́.
Bó bá kàn ọ́, san ẹ̀jẹ̀ kan,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, juwọ́ sílẹ̀.
Ẹ̀jẹ̀ wa kò ju ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì pupa lọ,
agolo bisikíìtì là ń kó wọn sí.

Mo san kan.
Hilary san kan.
Òjò ń lu fèrèsé. Mo san kan.
À ń sanwó orí lórí adé tí kò kan orí ẹnì kankan.
Sukhdev tí kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan kan
ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ jọ ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ń sanra.

Gethin ní òfin yìí wúwo jù.
Ó ní kí ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ má san nǹkan kan,
kí ẹni tó wá bá a níbẹ̀ máa san méjì.
Hilary ní, “Eré ẹlẹ́sẹ̀ yíyá nìyẹn á dà.”
Wọ́n fa bírò yọ,
wọ́n ń ṣírò sẹ́yìn àpòòwé iléeṣẹ́ iná,
nọ́ńbà lórí nọ́ńbà,
òṣùwọ̀n kan kò dúró.

Èmi ò fọhùn.
Ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi du oyè baálẹ̀
pẹ̀lú Adégorúṣọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá tirẹ̀.
Oko kòkó kọ́kọ́ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù tẹ̀lé e.
Páànù tí a fẹ́ fi kan òrùlé
dúró sẹ́yìnkùlé fọ́dún méjì, òun náà lọ.
“Ẹ padà wá lóṣù tó ń bọ̀,” ni kóòtù ń wí.
Lọ́yà kọ́lé. Lọ́yà kejì kọ́ alájà.
Ikán ń bá àga oyè ṣeré ní tirẹ̀.
Lọ́jọ́ tí adájọ́ sọ pé òun ló jàre,
a dé fìlà oyè fún un,
fìlà bọ́ sí i lójú.
Orí ti gbẹ lábẹ́ ìdúró.

“Bángbàlà, ìwọ ló kàn.”
Ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta ló kù lọ́dọ̀ mi.
Mo mọ̀ ọ́n ṣírò. Mo mọ ohun tó yẹ kí ọmọ bàbá mi ṣe.
Mo wo ojú kan ṣoṣo ọkùnrin Hilary,
ó ń wò mí bí ẹni tó bá mi tan.
Mo san kan.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀, Sukhdev pa gbogbo wa,
ó bẹ̀bẹ̀ bó ṣe ń pa wá.
Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá ìlú tí kò mọ̀ pé òun lọ́ba rárá:
ọmọbìnrin kan ń jẹ ọ̀dùnkún díndín nínú òjò,
ọkùnrin kan ń bá ajá rẹ̀ jiyàn.
Tíráàmù tó kẹ́yìn ń lọ sí Halfway,
ìlàjì ọ̀nà lorúkọ ibi tó ti ń parí.
Mo ki ọwọ́ bàpò láti wá owó ọkọ̀.
Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan ni mo bá níbẹ̀.
N kò mọ ìgbà tó wọbẹ̀,
n kò sì mọ̀ bóyá tèmi ni
tàbí ti Hilary.